Gbàǹjo Inú Lẹ́tà àti Ìwé Máàpù Bàbá Sámúẹ́lì

Ẹ̀yìn Ọjà, Kàbà.

Dúpẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ẹrù aṣọ sílẹ̀. Mo kà á tán, mo tún un kà, mo sì di ẹrù mi padà. Àwọn tó wà nítòsí rò pé wọ́n túfọ̀ fún mi ni. Mo ní rárá o, ọmọ mi ló béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń dáhùn kó tún máa wọn aṣọ fún oníbàárà.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí lẹ́tà yìí má gùn jù, pé o kò ráyè níbi iṣẹ́. Mo bi í pé ọwọ́ ta ni gègé wà? Ó rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ. Nítorí náà jókòó, ọmọ mi, kí o kà á tán. O mọ̀ pé kíláàsì àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ ìwé, lẹ́yìn tí mo ti bí ẹ̀gbọ́n rẹ, n kì í sì í kọ lẹ́tà gígùn. Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí o sọ sọ, kí o lè mọ̀ pé ó yé mi. O ní ṣọ́ọ̀bù ìwé tí o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná ní ìwé tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè tà lọ, pé ó kún yàrá ẹ̀yìn títí kan àjà. Máníjà yín kò fẹ́ kí ikán jẹ ẹ́, ló bá ní kí ẹ tà á ní gbàǹjo, ṣùgbọ́n gbàǹjo tí ẹnikẹ́ni kò ní pé jọ sí. Ẹ tẹ orúkọ àwọn ìwé náà sórí pépà, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tíṣà, àwọn akọ̀wé àti àwọn ajíhìnrere káàkiri Òkè Ọya. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé kan, á kọ iye tó lè san sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, á lẹ̀ ẹ́ pa, á fi sí póòsù. Ìwọ ni wọ́n ní kí o máa ṣí i. Bí oṣù bá parí, ẹni tí iye rẹ̀ ga jù ló ni ìwé. Mo ka èyí sí bàbá rẹ létí, ó ní òyìnbó gbọ́n. Mo ní àwa náà gbọ́n, a kàn máa ń fẹ́ rí ojú ara wa ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ti bàbá Sámúẹ́lì. Ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ ọ, tí wọ́n ti gbé ìdána wá, tí a ti jẹ iṣu wọn, òun náà kọ iye tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Ìsánlú. Ìwé máàpù ayé ńlá kan ló fẹ́, kó lè gbé e sórí tábìlì ní ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Iye tó kọ kéré débi pé o kọ́kọ́ rò pé ó ṣì í kọ ni. Àwọn mìíràn sì ti kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló tún kọ̀wé sí ọ lọ́tọ̀, pé "ìyàwó wa" á mọ bó ṣe máa ṣe é, àti pé òun ti sọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé máàpù ń bọ̀. O wá ń bi mí pé ṣé kí o kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí i, kí o sọ iye tí àwọn yòókù kọ, kó lè fi díẹ̀ kún tirẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ tí wọ́n gbọ́, iṣẹ́ bọ́. Bí o kò bá sọ ọ́, bóyá ilé ọkọ ni yóò bọ́. 

Mo gbọ́, ọmọ mi. Ó dùn mí gan-an.

Ìkíní. Má bínú sí bàbá Sámúẹ́lì, má sì fojú ahun wò ó. Ọjà ni ọkùnrin náà ń ná. Ní ilẹ̀ wa níbí, láti Kàbà títí dé Ìsánlú, ta ní ń sọ iye tó wà nínú ọkàn rẹ̀ ní àkọ́sọ? Ẹni tó bá sọ ọ́, a ó ní ó ya òmùgọ̀, tàbí pé ó jí owó náà ni. Ọlọ́jà á pe ogún, oníbàárà á ní márùn-ún, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, wọ́n á béèrè àlàáfíà ìyá ara wọn, wọ́n á sì pàdé láàárín. Márùn-ún yẹn kì í ṣe owó, ìkíni ni. Bàbá Sámúẹ́lì kí yín láti Ìsánlú, ó ń retí kí ẹ dá a lóhùn. Ó ń retí kí o kọ̀wé pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un." Kò mọ̀ pé nínú gbàǹjo inú lẹ́tà, ọ̀rọ̀ àkọ́sọ náà ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí. N kò tíì pẹ́ nílé ọkọ nígbà tí bàbá rẹ mú mi lọ sí Lọ́kọ́jà, a sì yà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó kan. Mo rí abọ́ tánganran kan níbẹ̀, fífẹ̀, wọ́n ya òdòdó pupa sí ìdí rẹ̀. Wọ́n lẹ iye rẹ̀ mọ́ ọn lára. Èmi kò ka ìyẹn sí, mo ní kí akọ̀wé tó dúró níbẹ̀ gba ìdajì. Ó fi ìka tọ́ka sí iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ní ó dàbọ̀ o, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo sì ń rìn bí ìyàwó tuntun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó lè ráyè pè mí padà. Mo dé ẹnu ọ̀nà, kò pè mí. Mo dé ìta, mo dúró lábẹ́ máńgòrò, mo ń tún ìró ró. Mo ró o, mo tú u, mo tún un ró. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. Ìtìjú kò jẹ́ kí n padà wọlé. Bí abọ́ òdòdó mi ṣe kù sí Lọ́kọ́jà nìyẹn, gbogbo ọ̀nà ni mo sì fi ń bú akọ̀wé yẹn pé wọn kò kọ́ ọ nílé. Títí di òní, bí bàbá rẹ bá fẹ́ múnú bí mi, á ní, "Ìyá Dúpẹ́, yára o, wọ́n ń pè ọ́ padà ní Lọ́kọ́jà."

Nítorí náà, bí o bá ṣí lẹ́tà tí o sì rí iye tó kéré jù, pàápàá èyí tó bá ti ilẹ̀ tiwa wá, má rẹ́rìn-ín sí i, má sì jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ rẹ́rìn-ín sí i. Bóyá onítọ̀hún ń tún ìró ró lábẹ́ igi ni, tó ń retí kí ẹ pe òun.

Ìkejì. Mo fẹ́ kí o mọ ohun tó máa dun bàbá Sámúẹ́lì jù bí ìwé náà bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kì í ṣe ìwé náà. Ní ọjà wa, bí ọwọ́ ẹnì kan bá ṣì wà lórí ọjà, ẹlòmíràn kì í dá sí i. Yóò dúró kí ẹni náà ná an tán, kó rà á tàbí kó fi í sílẹ̀. Mo mọ òfin yìí kí n tó di ìyàwó ilé, mo sì rú u. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ ná ọjà Kàbà, mo rí aṣọ òfì kan tí ará Bùnù kan gbé wá, aṣọ tó jẹ́ pé bí o bá rí i, ojú rẹ kò ní kúrò lára rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ti gbé ọwọ́ lé e, ó ń ná an lọ jẹ́jẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé ó máa rà á. Ẹnu mi kàn já ni, mo pe iye tó ju tirẹ̀ lọ. Ìyá náà gbé ọwọ́ kúrò lórí aṣọ, ó wò mí, ó ní, "Gbé e, ọma mi. Òkun o." Ó kí mi bẹ́ẹ̀, ó sì lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ní kí n wọṣọ tó dára, kí wọ́n mú mi lọ kí àwọn àgbà ilé. O ti mọ aṣọ tí mo ró. O sì ti mọ ẹni tó jókòó sórí ẹní nígbà tí mo kúnlẹ̀. Ìyá ọjọ́ ọjà yẹn ni, àbúrò bàbá ọkọ mi. Ó ní aṣọ náà yẹ mí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà tí mo bí ẹ̀gbọ́n rẹ ló tó fi orúkọ pè mí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o rí níbẹ̀ nìyí. Bí bàbá Sámúẹ́lì bá gbọ́ pé àwọn kan kọ ju tòun lọ, lójú rẹ̀, wọ́n ná ọjà lé òun lọ́wọ́ ni, tí ìyàwó ọmọ òun sì jókòó níbẹ̀ tó ń wò wọ́n. Nínú gbàǹjo yín, kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ tó wà lórí ọjà, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí ẹnì kankan fín. Ìwọ mọ ìyẹn, ó yé èmi náà wàyí. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kò lójú. Ohun tí èèyàn ìbá fi ojú lásán mọ̀ lọ́jà, ẹ níláti kọ ọ́ yékéyéké fún ẹni tó wà ní òkèèrè.

Ìkẹta ni èyí tí o ń dúró dè. Má ṣe sọ iye náà fún un.

Má sọ ọ́ ní tààrà, má sọ ọ́ lówe. Má kọ ọ́ pé "Bàbá, ẹ gbìyànjú díẹ̀ sí i," nítorí pé ìyẹn náà sọ ọ́. Wò ó, tíṣà kan wà ní abúlé kan tí o lè má dé láéláé. Ó jókòó ti àtùpà, ó wo owó oṣù rẹ̀, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó wá kọ iye tí agbára rẹ̀ ká gan-an. Ó lẹ̀ ẹ́ pa. Kò mọ̀ ọ́, o kò mọ̀ ọ́n, kò sì lè rí ọ nígbà tí o bá ń ṣí i. Síbẹ̀ ó fi sí póòsù. Bí o bá yọ iye rẹ̀ fún àna rẹ, ìwọ lo gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ọjà, kò sì ní mọ̀ títí ayé. Nígbà tí mo ṣe tèmi, ojú kòkòrò àti ìgbà èwe ló tì mí. Ìwọ, ìwọ ti jókòó rò ó.

Má sì sọ ọ́ fún èmi náà. O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé, "Bí Màmá bá fẹ́ mọ iye náà, n ó kọ ọ́ ránṣẹ́." N kò fẹ́ ẹ. Mo mọ ara mi, mo sì mọ bí àánú rẹ ṣe máa ń ṣe mí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ohun tí o lè ṣe wà o. Lọ bá máníjà yín kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé. Sọ fún un pé ọ̀kan nínú àwọn tó kọ iye ránṣẹ́ jẹ́ àna rẹ lọ́la, kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní ìwé máàpù yẹn mójú tó. Sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún un. Kí o tún wí fún un pé àwọn ará ilé kò mọ irú ọjà yìí, kí wọ́n tẹ pépà kékeré kan sí i ní èdè Yorùbá àti Hausa, kó kárí gbogbo wọn: pé iye tí wọ́n bá kọ ni a ó fi ṣe ìdájọ́, pé ẹnikẹ́ni kò ní kọ̀wé pé kí wọ́n fi kún un, pé ẹni tó bá fẹ́ tún tirẹ̀ kọ, kó tètè tún un kọ kí oṣù tó parí. Ohun tí a lè sọ fún gbogbo èèyàn kì í ṣe àṣírí. Bí ó bá jágbe mọ́ ọ, dá ara rẹ lókun, kí o sọ fún un pé èrè rẹ̀ ló wà níbẹ̀, nítorí àwọn tí ń ṣe ìkíni á wá mú owó jáde. Àwọn máníjà máa ń gbọ́ irú èdè yẹn.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan nípa ilé ọkọ kún un. Ohun tí o bá kọ́kọ́ fi tẹ́ wọn lọ́rùn ni wọ́n á máa béèrè. Bí ó bá jẹ́ pé bí o ṣe ń dáná ni, oúnjẹ ni wọ́n á máa béèrè. Bí ó bá jẹ́ pé o tú àṣírí ẹlòmíràn nítorí wọn, Dúpẹ́, òun náà ni wọ́n á máa béèrè, títí ọjọ́ tí wọ́n á fi sọ pé ẹni tó tú ti ẹlòmíràn fún wa yóò tú tiwa. Wọn kò sì ní purọ́.

N kò ka ìkíní ìkejì mọ́, nítorí ohun tó kù kì í ṣe ìmọ̀ràn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lánàá, mo wọ lọ́rì, mo lọ sí Ìsánlú.

Bàbá Sámúẹ́lì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ti jáde. "Òkun o, ìyá ìyàwó," ó ní. "Òkun ọ̀nà o." Wọ́n fún mi lómi, wọ́n gún iyán fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tán. Mo wá sọ ìtàn abọ́ òdòdó Lọ́kọ́jà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Nígbà tó yá, ó rí ibi tí mò ń lọ.

"Tọ̀ọ́," ó ní. "Wọn ò ní pe èmi náà padà."

"Wọn ò ní pè yín, Bàbá. Iye tó bá wà lọ́kàn yín gan-an ni kí ẹ kọ, ẹ̀ẹ̀kan náà."

"Eélòó ni àwọn yòókù kọ?"

"N kò mọ̀."

"Ọma yín mọ̀ ọ́n."

"Ó mọ̀ ọ́n."

"Hábà, ìyá Dúpẹ́! Ọma tó fẹ́ wọ ulé mi mọ̀ ọ́n, kò sì lè sọ ọ́ fún mi?"

"Kò ní sọ ọ́, Bàbá. Èmi ni mo ní kó má sọ ọ́."

Ó wojú mi. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, n kò ní tàn ọ́. Ọjọ́ ìdána rẹ ló wá sí mi lọ́kàn, àti gbogbo aṣọ tí mo ti ń kó pamọ́ fún ọ láti ìgbà tí o ti ń rákò. Mo ní, "Bàbá, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀rọ̀ tiyín á wà lọ́wọ́ ọma yìí, tí ẹlòmíràn á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó tú u. Irú ọma wo lẹ ó fẹ́ kó jẹ́ lọ́jọ́ náà?"

Ó dìde, ó wọ yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó mú lẹ́tà tó ti lẹ̀ pa dání, ó ní òun ti tún un kọ, òun fúnra òun ni yóò fi sí póòsù. Mo kí i, mo dìde. Kò sìn mí. O mọ̀ pé àna kì í jẹ́ kí àna rẹ̀ nìkan rìn dé ìdíkọ̀. Ó jókòó, ó ní òun ní ìwé àwọn ọmọ tí òun ń yẹ̀ wò.

Nítorí náà n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò jásí. Lẹ́tà rẹ̀ tuntun lè ti dé Kàdúná kí tèmi tó dé. Kí wọ́n kà á bí wọ́n ṣe ń ka ti gbogbo èèyàn. Bí iye rẹ̀ bá ga jù, inú mi á dùn. Bí kò bá ga tó, kí ẹni tó ni ìwé gba ìwé rẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ sì kọ̀wé sí bàbá Sámúẹ́lì, kí o kúnlẹ̀ dáadáa nínú lẹ́tà náà, má sì kọ iye kankan sí i. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gba ẹrù ìdána wọn padà, a ó kó o fún wọn. Yàrá rẹ wà níbí. Ojú á tì mí fún ọjà mélòó kan, lẹ́yìn náà n ó tún máa tajà.

Sámúẹ́lì ló sìn mí. Inú yàrá ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gba àpò mi, a jọ ń lọ. Mo ń retí kó bi mí pé eélòó ni wọ́n kọ. Mo ti ń wá ohun tí mo máa fi dá a lóhùn tí kò fi ní bínú. A dé ìdíkọ̀, mo gun lọ́rì, wọ́n ti ń yí ẹ́ńjìnnì. Ó wá sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Màmá, wọ́n ní ọyẹ́ Kàdúná burú. Ṣé Dúpẹ́ ní nǹkan òtútù?" Kí n tó lanu, ó ti bọ́ súwẹ́tà ọrùn rẹ̀, ó jù ú sí mi lẹ́sẹ̀, lọ́rì sì gbéra.

Ó wà nínú páálí tó tẹ̀lé lẹ́tà yìí. Gbogbo ohun tó kù níbẹ̀ ni mo fọ̀, mo sì lọ̀ wọ́n. Súwẹ́tà yẹn nìkan ni n kò fọ̀.

Ìyá rẹ tó ń gbàdúrà fún ọ nígbà tó bá ń tẹ́ aṣọ àti nígbà tó bá ń ká a,

Ìyá Dúpẹ́.